Ta Ló Mú Kọ́kọ́rọ́ Àpótí? Ọ̀rọ̀ Lórí Bí A Ṣe Ń Yan Ẹgbẹ́ Obìnrin Fún Ìrànwọ́

 Mo kúnlẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀, torí ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn àgbà, ó sì kan èmi fúnra mi.

ONG kékeré kan tó ń ran ẹgbẹ́ obìnrin lọ́wọ́ ti ránṣẹ́ sí wa pé àwọn ń bọ̀ lẹ́yìn ìkórè àgbàdo. Wọ́n ní kí á kó orúkọ àwọn ẹgbẹ́ tí obìnrin ń darí jọ, kí àwọn lè yan mẹ́rin nínú wọn. Owó wọn kò pọ̀. Kì í ṣe owó Báńkì Àgbáyé, kì í ṣe owó ìjọba. Owó tí àwọn èèyàn ń dá díẹ̀díẹ̀ lókè òkun ni. Ṣùgbọ́n lójú obìnrin tó ń yan gààrí nínú èéfín láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, owó tó lè ra ẹ̀rọ ìrin gbágùúdá kan kì í ṣe owó kékeré.

Mo gbọ́ pé orúkọ ti ń wọlé. Wọ́n ní ó ti lé ní ogún. Ẹ jọ̀ọ́, kí á tó fi ìwé náà ránṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí nígbà tí irú àwọn àlejò bẹ́ẹ̀ wá kẹ́yìn.

Ohun tí mo fi ẹnu ara mi ṣe

Olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Torí pé mo gbọ́ Faransé, tí mo sì mọ ọ̀nà àwọn abúlé, èmi ni wọ́n ní kí n máa túmọ̀ fún àwọn àlejò. Ẹgbẹ́ méjì la lọ wò lọ́jọ́ kan náà.

Ẹgbẹ́ kìíní ti múra dè wá. Gbogbo wọn wọ aṣọ kan náà. Ìlù wà, orin wà, oúnjẹ wà. Ìwé wọn pé: récépissé, àkántì, lẹ́tà ìjẹ́rìí láti ọ̀dọ̀ olórí abúlé, gbogbo rẹ̀ wà nínú fáìlì kan. Ààrẹ wọn jókòó sáàárín, akọ̀wé wọn sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin ni akọ̀wé yìí, àbúrò ọkọ ààrẹ ni. Bí àlejò bá béèrè ọ̀rọ̀, ààrẹ á kọ́kọ́ wo ojú akọ̀wé. Akọ̀wé á dáhùn, ààrẹ á mi orí. Èmi náà á wá yí i sí Faransé: « Ààrẹ sọ pé… »

Ààrẹ ò sọ nǹkan kan! Mo mọ̀ pé kò sọ nǹkan kan. Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ akọ̀wé bí ẹni pé ẹnu ààrẹ ló ti jáde, torí n kò fẹ́ kí ojú ti ìlú wa lọ́dọ̀ àlejò.

Lọ́sàn-án, a dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kejì. Àwọn opó ló pọ̀ jù nínú wọn. Abẹ́ igi máńgòrò la bá wọn. Wọn ò ní récépissé, wọn ò ní àkántì. Àpótí onírin kan ni wọ́n gbé kalẹ̀, pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ tí ọmọ iléèwé kan ń bá wọn kọ. Ọdún kọkànlá rèé tí wọ́n ti ń dá èsúsú, kò sí ẹni tí owó rẹ̀ sọnù rí. Àlejò bi ìyá tó jẹ́ olórí wọn bóyá wọ́n á gbà kí wọ́n fi owó ìrànwọ́ ra ẹ̀rọ dípò kí wọ́n yá a fún ara wọn. Ìyá náà dáhùn pé: « Mi ò lè dá èyí sọ. Ẹ jẹ́ kí á jókòó sọ ọ́ ná. » Ni wọ́n bá kó ara wọn lọ sápá kan, wọ́n jiyàn, wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó padà wá.

Nígbà tí a ń lọ sílé nínú ọkọ̀, ọ̀kan nínú àwọn àlejò kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé olórí ẹgbẹ́ kejì kò lè dá ìpinnu ṣe. Mo rí i. Mo dákẹ́.

Ẹgbẹ́ kìíní ló gba owó. Wọ́n ra ẹ̀rọ, wọ́n sì gbé e sí àgbàlá akọ̀wé, torí ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ní « ilẹ̀ » sí. Lọ́dún kìíní, gbogbo rẹ̀ dára. Lọ́dún kejì, àwọn obìnrin tó ni ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í san owó ìrin bí ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́. Lọ́dún kẹta, wọ́n tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gbé lọ. Mo bá ààrẹ pàdé lọ́jà, mo bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó wò mí lójú, ó ní: « Ìyá, ṣebí ẹ̀yin lẹ túmọ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣé ẹ ò gbọ́ pé mi ò sọ̀rọ̀ ni? »

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi. N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, torí kì í ṣe ẹnì kan ló jẹ̀bi. Gbogbo wa la jọ ṣe é.

Bí àwọn ONG kékeré ṣe ń yan ẹgbẹ́

Ẹ má jẹ́ kí á bú àwọn àlejò náà. Òṣìṣẹ́ wọn kò ju ẹni méjì mẹ́ta lọ nígbà mìíràn. Wọn ò gbọ́ èdè wa. Wọn ò lè bá wa gbé fún oṣù kan kí wọ́n tó mọ ẹni tó ń ṣòótọ́. Àwọn tó fún wọn lówó sì ń béèrè ìwé: ta lẹ fún, kí ló fi ṣe, ìwé ẹ̀rí dà? Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ohun tí ojú lè tètè rí ni wọ́n máa gbá mú. Ohun mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń wò.

Èkíní ni récépissé. Láti inú òfin tí Faransé ṣe ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1901 nípa àwọn ẹgbẹ́ ni irú ìwé wọ̀nyí ti ṣẹ̀ wá nílẹ̀ wa. Wọ́n ń béèrè ìlànà ẹgbẹ́, àkọsílẹ̀ ìpàdé ìdásílẹ̀ àti orúkọ àwọn olóyè, gbogbo rẹ̀ lédè Faransé. Obìnrin tó wà lábúlé kan ní Kétu, Ìpóbẹ́ ni préfecture rẹ̀ wà. Èyí tó wà ní Ṣábẹ̀, Dassa ni tirẹ̀. Ta ló máa kọ ìwé náà? Ta ló máa gun alùpùpù lọ, tí yóò sì padà lọ nígbà tí wọ́n bá ní kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀? Ẹgbẹ́ tó bá ní ọkùnrin tó mọ̀wé lẹ́yìn ló máa ń rí i gbà. Nítorí náà, asẹ́ àkọ́kọ́ tí ONG fi ń sẹ́ obìnrin, àwọn tí ọkùnrin ń darí ló máa ń kù sínú rẹ̀.

Èkejì ni àkántì. Ó dára kí owó wà níbi tó láàbò. Ṣùgbọ́n orúkọ tó wà lórí ìwé àkántì yàtọ̀ sí ẹni tí ìwé náà wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni lẹ́tà ìjẹ́rìí. Ibí yìí ni mo ti ní kí ẹ̀yin àgbà má bínú sí mi. Ẹ mọ̀ pé kò sí ẹni tó máa wá sọ́dọ̀ baálẹ̀ tàbí olórí abúlé fún lẹ́tà tí wọn ò ní fún un. Ọmọ ìlú ni, ó mú ọtí wá, ó dọ̀bálẹ̀. A fọwọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ nínú lẹ́tà tí à ń fọwọ́ sí ni a ò rí ẹgbẹ́ tó wà nínú rẹ̀ rí.

Ẹ̀kẹrin ni ìbẹ̀wò. Ọjọ́ kan péré ni, àwọn ọlọ́dẹ àlejò sì ti wà nínú wa báyìí. Wọ́n mọ aṣọ tí wọ́n máa wọ̀, wọ́n mọ orin tí wọ́n máa kọ. Ẹni tó ń túmọ̀, bí èmi, á tún fi iyọ̀ tirẹ̀ sí i.

Ọ̀nà mẹ́rin nìyẹn o, ọkùnrin ló sì dúró sẹ́nu ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ojú obìnrin lókè, ọkùnrin lábẹ́ aṣọ

Àwa tí a ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kò yẹ kí irú èyí tàn wá jẹ. Lọ́dún 2001 ni UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ ogún iyebíye gbogbo ayé, Benin, Nàìjíríà àti Tógò ni wọ́n sì jọ ni ín. Nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ojú obìnrin ni igi tó wà lókè, ọkùnrin ló wà lábẹ́ aṣọ. Ọmọdé mọ̀, àgbà mọ̀, kò sí ẹni tí a ń tàn. Ọkùnrin ń jó láti fi bọlá fún àwọn ìyá ni, Ìyálàṣẹ sì ni wọ́n ń forí balẹ̀ fún. Bí Ìyálàṣẹ kò bá fọwọ́ sí i, ta ló máa jáde?

Nínú àwọn ẹgbẹ́ tí mo ń sọ yìí, a mú igi náà, a sì fi Ìyálàṣẹ sílẹ̀. Ojú obìnrin wà lókè kí àlejò lè rí i, ọkùnrin wà lábẹ́ aṣọ láti gba owó, kò sì sí ìyá kankan tí ẹnikẹ́ni ń forí balẹ̀ fún. Ẹ̀tàn gidi ni, àwọn obìnrin wa ló sì ń san gbèsè rẹ̀.

Ohun tó yẹ kí á béèrè

Àwọn baba wa ní ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Kí á tó pe ẹgbẹ́ kan ní « ẹgbẹ́ tí obìnrin ń darí », ẹ jẹ́ kí á wo inú ilé rẹ̀. Ìbéèrè márùn-ún ni mo mú wá.

Ìkíní: ta ló mú kọ́kọ́rọ́ àpótí? Lọ́dún 1991, ní agbègbè Maradi lórílẹ̀-èdè Niger, ni CARE bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ ìfowópamọ́ tó ti tàn ká ilẹ̀ Áfíríkà báyìí. Irú rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa náà, òun ni wọ́n ń pè ní AVEC. Àpótí wọn a máa ní àgádágodo mẹ́ta. Obìnrin mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ẹni tó ń tọ́jú àpótí kò sì sí lára wọn. Ojú gbogbo ẹgbẹ́ ni wọ́n ti ń ṣí i. Ẹgbẹ́ tó bá ń ṣe báyìí ti dá wa lóhùn láìsọ̀rọ̀.

Ìkejì: orí ilẹ̀ ta ni ẹ̀rọ máa dúró sí? Òfin ìdílé ọdún 2004 sọ pé ọmọbìnrin àti ọmọkùnrin ló ń jogún bákan náà. Òfin ilẹ̀ ọdún 2013 náà sọ pé ọkùnrin àti obìnrin ló lẹ́tọ̀ọ́ sí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin wà nínú ìwé, ilẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ìdílé. Ẹni tó ni àgbàlá ni yóò ni ẹ̀rọ nígbẹ̀yìn. Bí wọn ò bá rí ilẹ̀ tí ẹnì kan ò lè lé wọn kúrò lórí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ra ẹ̀rọ fún wọn.

Ìkẹta: ṣé wọ́n lè lé ọkùnrin tó wà láàárín wọn lọ? N kò sọ pé kí ọkùnrin má sún mọ́ wọn. Ọkùnrin tó ń bá wọn kọ ìwé, tí wọ́n lè sọ fún lọ́la pé « a dúpẹ́, ó tó », òṣìṣẹ́ wọn ni. Èyí tí wọn ò lè lé lọ, ọ̀gá wọn ni. Ìyàtọ̀ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìkẹrin: kí ni wọ́n ti ń ṣe kí àlejò tó dé? Ẹgbẹ́ tó ti ń dá èsúsú fún ọdún púpọ̀, tó ti sin òkú ara wọn, tó ti san owó iléèwé ọmọ ara wọn, kì í ṣe ọjọ́ tí owó dé ni wọ́n bí i. Èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ lóṣù tó kọjá nítorí owó, bí owó bá tán, ẹgbẹ́ tán.

Ìkarùn-ún: ṣé wọ́n ń jiyàn? Ẹ rántí ìyá tó ní « mi ò lè dá èyí sọ ». Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò lágbára. Lójú tèmi báyìí, òun nìkan ni olórí gidi tí a rí lọ́jọ́ náà, torí ó mọ̀ pé owó náà kì í ṣe tòun. Ẹgbẹ́ tí gbogbo wọn bá ń dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni sí gbogbo ìbéèrè, ẹ bẹ̀rù rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí àwọn obìnrin yan ara wọn

Ọ̀nà mìíràn wà láti yan ẹgbẹ́, àwọn ibòmíràn sì ti ń lò ó. Àpò ìrànwọ́ kan wà fún àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin, FRIDA lorúkọ rẹ̀. Níbẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ tó tọrọ owó gan-an ló ń ka ìwé ẹ̀bẹ̀ ara wọn, àwọn ló sì ń dìbò fún èyí tó yẹ. Kì í ṣe ọ̀gá kan nínú ọ́fíìsì ló ń dá a yàn. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ọ̀rọ̀ owó obìnrin kò kan ilẹ̀ wa. Ní Accra ni African Women's Development Fund wà láti ọdún 2000, ọmọ Yorùbá kan, Bisi Adeleye-Fayemi, sì wà lára àwọn obìnrin mẹ́ta tó dá a sílẹ̀. XOESE, tó wà fún àwọn obìnrin ilẹ̀ tó ń sọ Faransé, Lomé níbí ló fìdí kalẹ̀ sí. Obìnrin ló ń darí wọn, obìnrin ni wọ́n sì ń fún lówó.

Báwo ló ṣe lè rí lọ́dọ̀ wa? Ẹ jẹ́ kí á mú ọjọ́ kan tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan rán obìnrin mẹ́ta wá, kí ààrẹ má jẹ́ òun nìkan. Kí wọ́n sọ̀rọ̀ ní èdè wa, láìka ìwé. Kí àwọn ẹgbẹ́ yòókù bi wọ́n ní ìbéèrè. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi òkúta sínú igbá, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fún ẹlòmíràn, kí ẹnikẹ́ni má fi sínú igbá tara rẹ̀. Kí àwọn àlejò wo èyí tí òkúta rẹ̀ pọ̀, kí wọ́n sì lọ ṣe ìbẹ̀wò wọn síbẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.

Mo ti gbọ́ ohun tí àwọn kan máa sọ: pé obìnrin ò lè ṣe irú èyí láìjà. Ẹ̀yin tó ń sọ bẹ́ẹ̀, ta ló ń yan ìyá ọjà? Ta ló ń pinnu ẹni tó máa kó èsúsú lóṣù yìí àti ẹni tó máa dúró di oṣù tó ń bọ̀? Àwọn obìnrin mọ ẹni tó ń jẹ gbèsè, wọ́n mọ ẹni tó ń bo ìwà ọkọ rẹ̀, wọ́n mọ ẹgbẹ́ tó jẹ́ ti aṣọ àti orin. Ìmọ̀ tí ONG ń wá kiri pẹ̀lú ìwé wà lọ́jà, lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwọn mìíràn á ní bí kò bá sí ìwé, owó á sọnù. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé lè tẹ̀ lé ìyàn, kò pọn dandan kó ṣáájú rẹ̀. Òfin OHADA lórí àwọn coopérative, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Lomé ní ọjọ́ 15 oṣù kejìlá ọdún 2010, gba ẹni márùn-ún péré láyè láti dá coopérative kékeré sílẹ̀. Àwọn obìnrin márùn-ún tó ń yan gààrí papọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ wa yìí kún fún olùkọ́, akọ̀wé mairie, àti ọmọ yunifásítì. Kí ló dé tí a ò lè bá wọn kọ ìwé náà láìgba kọ́bọ̀, ká má sì fi orúkọ tiwa síbẹ̀? Àwọn kan nínú àwọn ọmọ wa ní Kùtọ́nú ń kọ projet fún ẹgbẹ́ obìnrin, wọ́n sì ń gé ti ara wọn kúrò nínú owó kó tó délé. Kí èyí dópin.

Ẹ̀rù kan tí n kò lè fi pamọ́

Ohun kan wà tó ń dẹ́rù bà mí, n kò sì ní fi ṣeré. Obìnrin tó bá dìde níwájú àlejò tó ní « kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi, akọ̀wé kò ní àṣẹ lórí wa », ilé ló ń padà sí lálẹ́ ọjọ́ náà. Inú ilé ọkọ rẹ̀, láàárín àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀. Ààrẹ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó rọrùn fún mi láti bi í pé kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀. Ta ni ì bá gbà á sílé bó bá sọ̀rọ̀?

Ibí yìí ni a ti nílò ẹ̀yin ọba àti ìjòyè ju gbogbo ONG lọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Lẹ́tà ìjẹ́rìí rọrùn láti fún wọn, ẹnu ọ̀tá ni kò lè pa. Ṣùgbọ́n bí ọba bá sọ níta gbangba pé ẹ̀rọ yìí, àwọn obìnrin ló ni ín, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, èmi ló fọwọ́ kàn, ta ló máa tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lóru? Bí baálẹ̀ bá gé ilẹ̀ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, tó sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní mairie ní orúkọ ẹgbẹ́, àbúrò ọkọ ta ló máa lé wọn? Ohun tí ọwọ́ àlejò kò lè tó láé, ọwọ́ yín tó o.

Ọ̀rọ̀ òṣèlú ni

Àwọn kan á bi mí pé kí ni ọ̀rọ̀ gààrí ń wá nínú ìwé ìròyìn òṣèlú. Ẹ wò ó: nínú àga 109 tó wà ní ilé aṣòfin wa ní Àjàṣẹ́, òfin ya 24 sọ́tọ̀ fún obìnrin, ìdìbò oṣù kìíní ọdún 2023 ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n níbo la fẹ́ kí àwọn obìnrin tó máa jókòó síbẹ̀ lọ́la ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ « rárá »? Inú irú ẹgbẹ́ wọ̀nyí ni. Obìnrin tí a kọ́ láti máa wo ojú akọ̀wé kó tó dáhùn ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ gààrí, ojú ta ló máa wò nígbà tí wọ́n bá ń ṣe òfin?

Àwa pẹ̀lú ń kérora pé ìjọba kì í gbọ́ tiwa, pé wọ́n ń yan àwọn tó máa gbẹnu sọ fún wa láìbi wá. Ohun tí a ò fẹ́ kí wọ́n ṣe sí wa, ẹ má jẹ́ kí á ṣe é sí àwọn ìyá wa.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún

Kí ìpàdé wa tó ń bọ̀ tó fi orúkọ kankan ránṣẹ́, mo bẹ̀bẹ̀ pé kí á gba nǹkan mẹ́rin wọlé.

Èkíní, kí ọba, ìjòyè tàbí olórí abúlé má fọwọ́ sí lẹ́tà fún ẹgbẹ́ tí kò tíì bá jókòó, tí kò sì tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn obìnrin tó wà nínú rẹ̀.

Èkejì, kí á sọ fún ONG náà pé kí wọ́n má fi récépissé dí ẹnu ọ̀nà. Kí wọ́n yan ẹgbẹ́ ná, kí àwa bá wọn wá ìwé.

Ẹ̀kẹta, kí ẹni tó máa túmọ̀ jẹ́ obìnrin tó wá láti ìlú mìíràn, tí kò ní ẹbí nínú ẹgbẹ́ náà. Kí àwọn àlejò sì bá àwọn obìnrin jókòó fún wákàtí kan láìsí ọkùnrin kankan níbẹ̀. Kí wọ́n má fi èmi ṣe é o. Mo ti ṣe tèmi, ẹ ti rí ibi tó já sí.

Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n sọ ìdí fún ẹgbẹ́ tí wọn ò bá yàn, lẹ́nu, ní èdè tó yé wọn. Àwọn opó abẹ́ igi máńgòrò kò mọ̀ títí dòní ìdí tí wọn ò fi padà sọ́dọ̀ wọn. Wọ́n rò pé torí aṣọ wọn ni.

Mo lọ bẹ̀ wọ́n wò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àpótí náà ṣì wà. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ti kú, ọmọbìnrin rẹ̀ ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Mo bi wọ́n bóyá kí n fi orúkọ wọn sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ mọ ohun tí ìyá náà sọ? Ó ní: « Ẹ jẹ́ kí á jókòó sọ ọ́ ná. »

Mò ń dúró de èsì wọn. Ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè wọ́n.